Ibi tí àríyànjiyàn lórí "ìgbàgbọ́ nìkan" ti ṣẹ̀ wá

Ó pẹ́ tí àwọn Kristẹni ti ń jiyàn bóyá ìgbàgbọ́ nìkan ló ń mú kí Ọlọ́run ka ènìyàn sí olódodo, tàbí ìgbàgbọ́ pẹ̀lú iṣẹ́. Àwọn ọkùnrin kan wá láti Jùdíà sí Áńtíókù ti Síríà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn Kèfèrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di onígbàgbọ́ pé bí a kò bá kọ wọ́n nílà gẹ́gẹ́ bí òfin Mósè, wọn kò lè rí ìgbàlà. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà kò gbà fún wọn, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé ìjọ ní láti rán wọn lọ bá àwọn àpọ́sítélì àti àwọn alàgbà ní Jerúsálẹ́mù. Nǹkan bí ọdún 49 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn fi ìpàdé yẹn sí. Pétérù sọ níbẹ̀ pé àjàgà tí àwọn baba wọn pàápàá kò lè rù ni wọ́n fẹ́ gbé kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn lọ́rùn. Wọ́n fẹnu kò, wọ́n sì fi lẹ́tà ránṣẹ́, pé a kò ní kọ àwọn Kèfèrí nílà, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà kan náà ni wọ́n ti ní kí wọ́n ta kété sí ohun tí a fi rúbọ sí òrìṣà, sí ẹ̀jẹ̀, sí ẹran tí a fún lọ́rùn pa àti sí àgbèrè. Lẹ́tà tó sọ ẹrù kan kalẹ̀ ló tún pa àṣẹ mẹ́rin.

Inú awuyewuye yìí ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó kọ̀wé sí àwọn ará Gálátíà, àti lẹ́yìn náà sí àwọn ará Róòmù, pé ìgbàgbọ́ ni a fi ń dá ènìyàn láre, kì í ṣe iṣẹ́ òfin. Ábúráhámù ló fi ṣe ẹlẹ́rìí: ó gba Ọlọ́run gbọ́ ní Jẹ́nẹ́sísì orí 15, a sì kà á sí òdodo fún un, bẹ́ẹ̀ ni orí 17 ni a tó gbọ́ nípa ìkọlà rẹ̀. Jákọ́bù, nínú lẹ́tà tirẹ̀, mú Ábúráhámù yìí kan náà, ó gbé e lọ sí orí 22 níbi tó ti tẹ́ Ísáákì sórí pẹpẹ, ó sì ní nípa iṣẹ́ ni a ń dá ènìyàn láre, kì í ṣe nípa ìgbàgbọ́ nìkan. Lójú tèmi, kì í ṣe ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì ń bá wí. Ẹni tó wà níwájú Pọ́ọ̀lù ń fẹ́ kí ìkọlà di ẹnu ọ̀nà ìgbàlà. Ẹni tó wà níwájú Jákọ́bù rí arákùnrin tí kò láṣọ tí kò sì rí oúnjẹ jẹ, ó ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ̀ móoru kí ó sì yó, kò sì fún un ní ohunkóhun. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò kóríra ìgbọràn: ìgbọràn tó ti inú ìgbàgbọ́ wá ló fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ará Róòmù, òun náà ló sì fi parí rẹ̀.

Ìbéèrè mìíràn ló tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde ní ọ̀rúndún karùn-ún: ǹjẹ́ ènìyàn tilẹ̀ ní agbára àti gbọ́ràn? Pelagius, olùkọ́ kan tó ti Britain wá tó sì ń gbé ní Róòmù, gbọ́ àdúrà tí Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, kọ sílẹ̀, níbi tó ti bẹ Ọlọ́run pé kí ó fún òun ní ohun tó pa láṣẹ, kí ó sì wá pa èyí tó bá wù ú láṣẹ. Inú bí Pelagius, nítorí ó gbà pé ẹni tí Ọlọ́run bá pàṣẹ fún ní agbára láti ṣe é. Èsì Augustine ni pé ìfẹ́ inú ènìyàn ti bàjẹ́ débi pé ẹ̀bùn ni ìgbọràn fúnra rẹ̀, àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó wáyé ní Carthage ní ọdún 418 sì dá ẹ̀kọ́ Pelagius lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Augustine yìí kan náà ló ti kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 413 láti tako àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún ẹni tó kọ aya tàbí ọkọ rẹ̀ tó sì ń bá ẹlòmíràn gbé, tí kò sì ṣetán láti yí padà, torí pé wọ́n ní ìgbàgbọ́ ti tó. Ó ní ìgbàgbọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nípa ìfẹ́ nìkan ló ń gbani là. Àwọn tó ń pe Augustine ní baba ẹ̀kọ́ "ìgbàgbọ́ nìkan" kì í sábà mẹ́nu ba ìwé yẹn.

Ní ìgbà tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ tí àlùfáà ń yàn fún ẹni tó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ gbalẹ̀, ìwé ìdáríjì tó ń dín ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kù sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1476, Póòpù Sixtus Kẹrin fi àyè gbà á pé kí àwọn alààyè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn òkú tó wà níbi ìwẹ̀nùmọ́, ibi tí Ìjọ Kátólíìkì ní a ti ń fọ ọkàn mọ́ kí ó tó wọ ọ̀run. Nígbà tí Albrecht, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz ní Jámánì, jẹ gbèsè lọ́wọ́ ìdílé Fugger kí ó tó rí ipò rẹ̀ gbà, ìdajì owó ìwé ìdáríjì tí a ń tà lágbègbè rẹ̀ lọ sọ́wọ́ àwọn olówó èlé náà, ìdajì yòókù sì lọ sí Róòmù fún kíkọ́ ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́. Títà yìí ló mú Martin Luther, àlùfáà àti olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní Jámánì, kọ kókó 95 rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1517. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibẹ̀ ni ó ti kéde ìgbàgbọ́ nìkan, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀ rárá. Kókó kìn-ín-ní sọ pé gbogbo ìgbé ayé onígbàgbọ́ ni Kristi fẹ́ kí ó jẹ́ ìrònúpìwàdà.

Ọ̀rọ̀ náà dé nígbà tí Luther túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Jámánì, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1522. Ní Róòmù orí 3 ẹsẹ 28, ó fi "nìkan" kún "ìgbàgbọ́". Nígbà tí àwọn alátakò pariwo pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún Ìwé Mímọ́, ó fèsì ní ọdún 1530 pé òun mọ̀ dájú pé ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú èdè Gíríìkì, ṣùgbọ́n bí àwọn ará Jámánì ṣe ń sọ̀rọ̀ àti ohun tí Pọ́ọ̀lù ń wí ló béèrè fún un. Lẹ́tà Jákọ́bù, níbi tí "ìgbàgbọ́ nìkan" ti wà ní tòótọ́ tí "kì í ṣe" sì ṣáájú rẹ̀, ni ó fi wé koríko gbígbẹ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò nínú àwọn ẹ̀dà ìgbẹ̀yìn.

Ní Regensburg lọ́dún 1541, àwọn aṣojú ìhà méjèèjì, Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì, fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ kan náà lórí ìdáláre, ìyẹn bí Ọlọ́run ṣe ń ka ẹlẹ́ṣẹ̀ sí olódodo. Luther kò gbà á, Róòmù náà kò sì gbà á. Àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní Trent wá pinnu ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1547 pé ègún ni fún ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ nìkan ni a fi ń dá ẹlẹ́ṣẹ̀ láre, tó bá túmọ̀ sí pé ènìyàn kò ní láti fi ìfẹ́ inú rẹ̀ lọ́wọ́ sí i rárá.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọlẹ́yìn Luther fúnra wọn lẹ́yìn ikú rẹ̀. Georg Major kọ̀wé ní ọdún 1552 pé iṣẹ́ rere pọn dandan fún ìgbàlà. Nicolaus von Amsdorf, ọ̀rẹ́ Luther tímọ́tímọ́, ta kò ó, ó sì kọjá ààlà débi pé ní ọdún 1559 ó kọ̀wé pé iṣẹ́ rere ń ba ìgbàlà jẹ́. Ọdún 1577 ni ìwé ìrẹ́pọ̀ àwọn ìjọ Luther tó kọ̀ láti gba gbólóhùn méjèèjì: onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ rere, ṣùgbọ́n kí a má ṣe ka iṣẹ́ náà mọ́ ohun tó mú ìgbàlà wá.

Irú ìjà yìí tún bá John Wesley, ẹni tó dá ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1738, ní òpópónà Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú Luther sí ìwé Róòmù nígbà tí ọkàn rẹ̀ móoru tó sì gbà pé Kristi nìkan ni òun gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1770, àpérò tó ṣe pẹ̀lú àwọn oníwàásù rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí a tó là. Àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ti padà sí Róòmù, àfìgbà tí òun àti àwọn oníwàásù rẹ̀ fọwọ́ síwèé lọ́dún 1771 pé iṣẹ́ kò ní ipa kankan nínú ríra ìgbàlà. Kò sì fà sẹ́yìn lórí èyí tó kọ́kọ́ sọ pé ẹni tó bá gbàgbọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ràn.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1999, Ìjọ Kátólíìkì àti àgbájọ àwọn ìjọ Luther lágbàáyé fọwọ́ sí ìkéde kan ní Augsburg pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan, nínú ìgbàgbọ́, ni Ọlọ́run fi ń tẹ́wọ́ gba ènìyàn, láìka ẹ̀tọ́ kankan sí i, àti pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń pè é sí iṣẹ́ rere. Ara oore-ọ̀fẹ́ ni "nìkan" lẹ̀ mọ́ nínú gbólóhùn yẹn, kì í ṣe ara ìgbàgbọ́, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó mú kí àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní Jámánì, tí wọ́n lé ní 100, ti kọ̀wé ìtakò kí ọjọ́ ìfọwọ́sí tó pé. Inú àfikún tí wọ́n so mọ́ ìkéde náà lẹ́yìn ìtakò yẹn ni "ìgbàgbọ́ nìkan" ti wá fara hàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí ìhà méjèèjì jọ sọ. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dara pọ̀ mọ́ ọn ní ọdún 2006, wọ́n sì fi àlàyé tiwọn lórí ìwà mímọ́ tì í.