Ẹ gbin ata rodo sínú ilé kí òtútù tó lọ

Ẹni tó bá fẹ́ ká ata rodo nínú ọgbà ara rẹ̀ ní London kò lè dúró de ìgbà ìrúwé kó tó gbìn ín. Ata rodo kì í kánjú. Láti ìgbà tí a bá gbìn ín títí tí yóò fi pọ́n, ó lè gba oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà, ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìrì dídì ṣì lè pa ọ̀gbìn níta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Tó bá fi máa di oṣù Kẹwàá, òtútù ti padà dé. Inú ilé la ti ń jí oṣù tó kù gbé. Oṣù Kejì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ata nìkan ni mo wí o. Tòmátì tí ẹ bá gbìn nígbà yẹn á ti ga gbọọrọ lójú fèrèsé kí ìta tó gbà á. Àárín oṣù Kẹta tó fún un. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú di ìparí oṣù Kẹrin. Èèpo irúgbìn ewédú le, nítorí náà ẹ ṣe é bí àwọn àgbẹ̀ ilé ti ń ṣe é: ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ẹ sì yọ ọ́ kíá. Ẹ kò sè é jẹ.

Irúgbìn inú ata tí ẹ rà lọ́jà Peckham dára, bí ata náà bá ti pọ́n kankan. Ẹ fi ilẹ̀ inú àpò tí wọ́n kọ seed compost sí lára kún ike kéékèèké. Ẹ má bu ilẹ̀ ọgbà wọlé. Ooru ni irúgbìn ata ń wá kó tó hù, nǹkan bí 25 sí 30 lórí ìwọ̀n Celsius. Ojú fèrèsé ní òru oṣù Kejì kò gbóná tó ìdajì ìyẹn nígbà mìíràn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé e sí. Ẹ fi ọ̀rá bo ike náà, kí ẹ gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù tí táńkì omi gbígbóná wà nínú rẹ̀, tàbí kí ẹ ra ẹní oníná tí wọ́n ń tà fún irúgbìn. Ó lè hù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lè ju oṣù kan lọ. Ẹ má tètè dà á nù.

Gbàrà tí àkọ́kọ́ bá ti yọrí, ẹ ṣí ọ̀rá, ẹ gbé e sínú ìmọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ jù. Èéhù tó bá sun ọjọ́ méjì nínú òkùnkùn á nà tẹ́ẹ́rẹ́, á funfun, kò sì ní í gbé ara rẹ̀ dúró. Gílóòbù LED funfun lásán, tí ẹ so sún mọ́ ewé, tó ń tàn fún wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, ti tó. Iná aláwọ̀ àlùkò olówó gọbọi kì í ṣe dandan. Ooru 18 sí 20 ti tẹ́ ẹ lọ́rùn báyìí.

Omi àmujù ló ń mú kí ìdí ọ̀gbìn rọ kó sì wó lulẹ̀, èyí tó bá sì ti wó kò ní dìde mọ́. Ẹ gbé ike sínú àwo omi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kó fi ìdí mu, kí ẹ da ìyókù nù. Bí ẹ bá ń ṣí i lọ sínú ike ńlá, ewé ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe igi rẹ̀. Ẹ lè ri tòmátì dé ọrùn, torí igi rẹ̀ á ta gbòǹgbò. Ata, bó ti wà tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi í sí.

Ní ìdajì kejì oṣù Karùn-ún, ẹ máa gbé wọn síta fún wákàtí kan, kí ẹ máa fi kún un fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹ sì kó wọn wọlé bí òru bá fẹ́ tutù ju 10 lọ. Ní Scotland, n kò ní gbé ata rodo kúrò lójú fèrèsé rárá. Ní London pàápàá, ìkòkò ńlá wù mí ju inú ilẹ̀ lọ: tó bá di oṣù Kẹwàá, ẹ lè gé ẹ̀ka rẹ̀ kúrú, kí ẹ gbé e wọlé, nítorí igi ata rodo kì í kú lọ́dún kan bí òtútù kò bá pa á.