Akárí àti Awàpò

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Kétu, nílẹ̀ Benin, rédíò ń sọ̀rọ̀ nípa ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́, màtẹnẹ́ẹ̀lì tá a máa ń wí. Ọ̀gbẹ́ni tó ń túmọ̀ pè é ní "ẹ̀kọ́ àgbáyé". Ìyá ìyàwó mi, tó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, dá ọwọ́ dúró: "Àna mi, àgbáyé kẹ̀? Ṣé wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sókè òkun ni?"

Ọ̀rọ̀ Faransé náà, universel, ni ọ̀gbẹ́ni náà ṣí ìwé atúmọ̀ sí, "àgbáyé" ló sì bá níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ìjọba lè gbà ṣe é: kí ó wà fún gbogbo ọmọ, tàbí kí ó wà fún ọmọ tí ilé wọn kò lówó nìkan. Àwọn kan tún ń pe èkejì yìí ní "ètò àfojúsùn". Ètò wo ni kò ní àfojúsùn? Èyí tó bí mi nínú jù ni "ètò aláìní". Ẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́rin gbé orúkọ yẹn kọ́rùn lọ sílé-ìwé?

Èmi ń pe ìkíní ní akárí: ó kárí gbogbo ọmọ tó ti tó ọjọ́ orí, ì báà ṣe ọmọ ọlọ́jà tàbí ọmọ adájọ́. Ìkejì, awàpò: àpò òbí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ọ̀rẹ́ mi kan, tíṣà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní awàpò ń dún bíi jáguda. Kó máa dún bẹ́ẹ̀! Ẹni tó bá ti lọ jẹ́rìí òṣì ara rẹ̀ níwájú akọ̀wé mọ̀ pé wọ́n tú àpò òun wò lóòótọ́.

Ẹ wo ẹ̀wà ìbejì. Ọmọ àdúgbò tó bá gbọ́ ti dé, ewé lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó bi í pé ọmọ ta ni. Akárí nìyẹn: ọmọ tí ẹran wà nílé wọn náà ń gbà, ìkòkò sì ń tètè gbẹ. Awàpò ni kí ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Èló ni ìyá rẹ pa lọ́jà lánàá?" Ẹ̀wà á pọ̀ nínú ewé ẹni tó wọlé. Àmọ́ ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi ọgọ́rùn-ún fránkì kọjá iye owó tí wọ́n fi ṣe ààlà á padà lófìfo, àwọn mìíràn tí ebi ń pa gan-an ò sì ní wá, torí ìtìjú.

Amẹ́ríkà ní méjèèjì. Awàpò ni Head Start, ètò ìjọba àpapọ̀ wọn fún ọmọ wẹ́wẹ́ tí ilé wọn kò lówó, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1965. Ìpínlẹ̀ Oklahoma ṣe akárí fún ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́dún 1998. Lọ́dọ̀ tiwa ní Benin, ìjọba mú owó ilé-ìwé kúrò ní màtẹnẹ́ẹ̀lì ìjọba lọ́dún 2006: akárí, lórí ìwé. Abúlé tí kò ní màtẹnẹ́ẹ̀lì rárá ńkọ́? Bá a bá sì ní ká ṣe awàpò, ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà Kétu, ìwé owó oṣù wo ni yóò mú wá?

Mo tún un sọ fún ìyá ìyàwó mi, akárí. Ó mi orí, ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. "Ó dáa. Ta ló máa ra igi ìdáná?"