Omi Tòrò, Ṣé Kòkòrò Ti Kú? Ọ̀rọ̀ Álọ́ọ̀mù

"Mo ti fi álọ́ọ̀mù sí i," ìyẹn òkúta funfun tí wọ́n fi ń mú kí omi tó rú tòrò. Gbólóhùn yìí ni wọ́n fi ń pa ẹnu ẹni tó bá béèrè bóyá omi dírọ́ọ̀mù ṣeé mu l'Ábẹ́òkúta, pàápàá nígbà òjò, tí odò Ògùn bá pọ́n, tí omi kànga náà sì rú. Pé omi tó rú kò dára, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ohun tó ń bíni nínú ni pé bí omi náà bá ti mọ́ gaara, ìbéèrè ti tán nìyẹn, bí ẹni pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn ti kú.

Wọ́n á tún ní, "Ṣebí òun náà ni onígbàjámọ̀ ń fi pa ojú ibi tí abẹ́ bá gé?" Òun ni. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń fún awọ ara pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Bó ṣe ń tani lójú ọgbẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé kòkòrò ń kú. Ata náà ń ta.

Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí ẹrẹ̀ náà gbà lọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Háídírójìn méjì àti ọ́síjìn kan ló so pọ̀ di omi, ṣùgbọ́n ọ́síjìn a máa fa iná mànàmáná tó so wọ́n pọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí omi ṣe ní ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù àti ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétíìfù nìyẹn, bíi orí bátìrì ọkọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí iyọ̀ àti ṣúgà yòrò nínú omi, òun náà ló jẹ́ kí omi inú ẹ̀jẹ̀ lè máa gbé wọn kiri ara. Amọ̀ inú ẹrẹ̀ tó ń mú omi rú kì í yòrò ní tirẹ̀. Ó kúnná ni, èyí tó kúnná jù nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ìdá 500 mílímítà. Nẹ́gétíìfù ló wà lára gbogbo wọn, wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn, wọn ò lè kóra jọ débi tí wọ́n á fi wúwo, wọ́n á kàn máa léfòó fún ọjọ́ mélòó kan. Bí álọ́ọ̀mù bá yòrò, alumíníọ́ọ̀mù inú rẹ̀ gbé pọ́sítíìfù mẹ́ta-mẹ́ta dé, ó parí ìjà wọn. Ó tún bá omi dì bí ìṣù òwú kéékèèké tó ń gbá amọ̀ mọ́ra, tí gbogbo rẹ̀ á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ parí síbẹ̀. Kò pa nǹkan kan, ó kó nǹkan jọ ni.

Ká má purọ́ mọ́ ọn ṣá: òwú yẹn a máa kó kòkòrò púpọ̀ dání lọ sísàlẹ̀, torí nẹ́gétíìfù ló wà lára àwọn náà. Àmọ́ ààyè ni wọ́n wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ẹni tó bá sì ki agolo bọ ìsàlẹ̀ dírọ́ọ̀mù ti pè wọ́n padà. Àwọn tó ṣẹ́kù sókè ńkọ́? Mílíọ̀nù kan kòkòrò lè wà nínú ẹ̀kún ṣíbí tíì kan, kí omi náà ṣì mọ́ bíi dígí. Onígbáméjì ò dúró de omi tó rú.

Ìwọ̀n ńkọ́? Odidi òkúta ni ọ̀pọ̀ fi ń ro omi títí ọwọ́ á fi rẹ̀ wọ́n. Kẹ́ẹ̀gì lítà 20 kì í sábà gbà ju gíráàmù álọ́ọ̀mù kan lọ, àyàfi tí omi bá rú gidi. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ po ṣíbí tíì kan tí kò kún rékọjá mọ́ lítà omi kan, kí ẹ wọn mílílítà 120 nínú rẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì náà. Ẹ rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá rò ó jẹ́jẹ́ fún márùn-ún, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bó bá pọ̀ jù, omi á kan, á máa fún ahọ́n, amọ̀ tó ti ń rọ̀ lè tún gbéra, alumíníọ́ọ̀mù á sì kù sínú ohun tí ẹ fẹ́ mu. Omi òjò ló tètè ń kan jù, torí kò ní èròjà tó ń pa kíkan. Omi kànga Abẹ́òkúta náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí irú àpáta Olúmọ kì í ṣe òkúta sìmẹ́ńtì bíi ti Ewékorò, tó ń yòrò sínú omi tó sì ń gbà á lọ́wọ́ kíkan.

Iná tàbí kiloríìnì ló ń pa kòkòrò. Ẹ rọra da omi òkè sínú ìkòkò, ẹ jẹ́ kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá jẹ́ bílíìṣì, tí kiloríìnì wà nínú rẹ̀, tí kò ní lọ́fíńdà, tí wọ́n kọ 5% sí lára, ẹ kán an lẹ́ẹ̀mejì sí lítà kan, ìyẹn ìgbà 40 sí kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Nínú omi tó ṣì rú, ẹrẹ̀ á ti jẹ kiloríìnì náà kó tó dé ọ̀dọ̀ kòkòrò. Ibí yìí gan-an ni álọ́ọ̀mù ti wúlò, bóyá ibẹ̀ nìkan.

Síbẹ̀, tí kànga bá wà nítòsí ṣalángá, nítírétì, èròjà tó ń ti ara ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde, lè ti yòrò sínú rẹ̀, láìní àwọ̀, láìní òórùn. Álọ́ọ̀mù ò lè fà á sísàlẹ̀, bílíìṣì ò lè pa á. Sísè ń mú kó ki sí i ni, torí omi ń fò lọ, òun ò lọ. Ẹ má fi irú omi bẹ́ẹ̀ po wàrà fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ dírọ́ọ̀mù yẹn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sẹ́nu kànga.