Ibi tí ìjà ìjọba pẹ̀lú kódín àti tramadol ti ṣẹ̀ wá

Ọmọ Iléṣà ló pa àṣẹ tó lé kódín kúrò lórí igbá, ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú wa níbí ni ò sì mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé ni mínísítà ìlera nígbà yẹn, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni wọ́n kéde pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ po oògùn ikọ́ tó ní kódín nínú mọ́ ní Nàìjíríà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kó o wọlé. Ó ku ọ̀la ni BBC gbé fídíò kan síta, tó ń fi hàn bí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ oògùn ṣe ń ta páálí páálí kódín lábẹ́lẹ̀. Kí oṣù karùn-ún yẹn tó parí NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, ti lọ ti iléeṣẹ́ mẹ́ta pa, méjì nínú ẹ̀ wà ní Ìlọrin.

Mo fẹ́ ká mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀, torí mò ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ ọ́ bíi pé ọdún 2018 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣòfin oògùn olóró fún wa láti 1935, ṣùgbọ́n inú ọsibítù ni mọfíìnì, oògùn ìrora tó le, àti àwọn ìbátan ẹ̀ bíi kódín wà nígbà yẹn, dókítà ló ń fún ẹni tí ìrora bá fẹ́ pa. Èyí tó kan àdúgbò wa jù ni òfin 1946, òun ló fún àwọn kẹ́mísì níwèé àṣẹ. Àwọn apòògùn ò tó nǹkan nígbà náà, ìjọba wá gbà kí ẹni tí ò kàwé oògùn máa ta àwọn tó ti wà nínú páálí ẹ̀, àwọn tí ò gba ìwé dókítà. Mi ò ní bú wọn o. Tára ọmọ bá gbóná lóru ní Ìṣọ̀kùn tàbí ní Lágerè, ìlẹ̀kùn kẹ́mísì lẹ máa kọ́kọ́ kàn. Àmọ́ ojú ọ̀nà yẹn náà ni kódín gbà wọ àárín wa. Ẹ ò ní rí i lórí sẹ́ẹ̀fù, abẹ́ káúńtà ló máa ń wà, ọmọkùnrin tó wá rà á ò ní dárúkọ ẹ̀, "ti ikọ́ yẹn" ló máa wí, owó á ti wà ní kíká lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá dé òde àríyá, á mu Sprite ẹ̀ dé ìdajì, á da kódín lé e, á mì í, ìyá ẹ̀ tó jókòó lábẹ́ kánópì kan náà á rò pé mínírà lọmọ òun ń mu.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba, ìbọn ni wọ́n fi ń wo gbogbo nǹkan. 1966 ni òfin igbó jáde, ẹni tó bá gbìn ín, ikú ni tàbí ẹ̀wọ̀n tí ò dín ní ọdún 21. 1984, Buhari àti Ìdíàgbọn gbé Decree 20 dé, ó kan kokéènì, ó kan heroin tó jẹ́ ìbátan mọfíìnì, ikú náà ni. Oṣù kẹrin 1985 wọ́n yìnbọn pa Bartholomew Owoh, Bernard Ogedengbe àti Lawal Ojuolape. Kò sí èyí tó ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ nínú wọn, wọ́n sì ní kí òfin yẹn padà sẹ́yìn lọ mú ẹ̀ṣẹ̀ tẹ́nì kan ti dá kí wọ́n tó kọ ọ́ rárá. Inú mi ò lè dùn sí irú ìdájọ́ yẹn láéláé. Babangida ló yọ ikú kúrò nínú ẹ̀ ní 1986.

Títí di ìgbà yẹn, ọlọ́pàá ń ṣe tiwọn, kọ́sítọ́ọ̀mù ń ṣe tiwọn, kò sí ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ tiẹ̀ gan-an. Ìyẹn ni wọ́n fi dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1989, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1990. Ọdún 1990 yẹn náà ni omi oògùn parasitámọ̀ tó lóró pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún n'Ìbàdàn àti ní Jọ́ọ̀sì, ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba rí i pé oògùn nílò ẹ̀ṣọ́ tiẹ̀, NAFDAC dé ní 1993. Àwọn méjèèjì ló ń bá ọ̀rọ̀ yìí yí títí dòní.

Ẹ wá wo tramadol. Ilẹ̀ Jámánì ló ti wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á níbẹ̀ ní 1977 fún ìrora, oògùn gidi ni fún ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Nítorí pé òfin àgbáyé ò fi í sáàárín àwọn mọfíìnì, ó rọrùn láti kó kiri. NAFDAC ò fàyè gba èyí tó ju 100mg lọ, àmọ́ èyí tó ń ti Íńdíà wọ èbúté Apapa jẹ́ 200, 225, 250. Àwọn ọlọ́kadà, àwọn lébírà, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ wá góòlù, wọ́n á lo ọ̀kan kí ẹ̀yìn má baà ro wọ́n, iṣẹ́ á sì yá lóòótọ́. Tó bá yá ara á ní ọ̀kan ò tó. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi í sílẹ̀, òógùn á bò wọ́n, egungun á máa ro wọ́n, ìgbẹ́ gbuuru á máa yọ wọ́n lẹ́nu, oorun ò ní kùn wọ́n, wọ́n á sáré padà sídìí ẹ̀. Ẹni tó bá wá lò ó jù, gìrì lè gbé e. Ẹni tó bá ti rí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí gìrì gbé ṣánlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà ẹ̀ ò ní pè é ní ìwàkiwà lásán mọ́.

Ibi tí ìjọba ti kù sí nìyí, èmi ò sì ní fi bò. Gbogbo òfin tí mo ń kà sílẹ̀ yìí, ọjà àti olówò ni wọ́n ń lé, ẹni tí oògùn ti mú lẹ́rú kọ́ ni wọ́n ń wò. Ìwádìí tí ìjọba àti UNODC, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ṣe, tó jáde níbẹ̀rẹ̀ 2019, ní èèyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, nínú wọn mílíọ̀nù 4.6 ló lo kódín, tramadol àti irú wọn láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, 22.4% ni iye àwọn tó lo oògùn olóró nínú ìwádìí yẹn. Nínú àwọn tó ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù jù, bí 40% ló ní àwọn fẹ́ gba ìtọ́jú, àwọn ò rí i gbà. Nígbà tí wọ́n fòfin de kódín láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ta ló ṣètò bẹ́ẹ̀dì fún wọn? Ọ̀pọ̀ òbí gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ wòlíì àti aáfà, ibẹ̀ làwọn kan ti lọ bá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Oṣù kọkànlá 2019, ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde nínú ilé kan báyìí ní Òjóò n'Ìbàdàn, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló lo oògùn o, àmọ́ àwọn tó lò ó wà níbẹ̀.

Látìgbà tí Buba Marwa ti di ọ̀gá NDLEA ní 2021, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú mọ́ ọ̀rọ̀ ìmúni, wọ́n ní nọ́ḿbà ọ̀fẹ́ téèyàn lè pè. Oṣù kìn-ín-ní 2023 ni òfin ìlera ọpọlọ tuntun dé, ó rọ́pò èyí tó ti wà láti 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Àwọn olówò náà ò sùn, ní 2025 ni àṣírí tún tú pé wọ́n ń po tapentadol, oògùn ìrora tó jọ tramadol, mọ́ carisoprodol, oògùn tó ń dẹ iṣan, ní Íńdíà, wọ́n ń kó o wá sápá ọ̀dọ̀ wa, kí ìjọba Íńdíà tó ní àwọn ò fọwọ́ sí i mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ tó ti wọ inú ẹ̀ ní Ifẹ̀ tàbí n'Íléṣà, ọsibítù Wesley Guild n'Íléṣà tó wà lábẹ́ OAUTHC ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ, ọsibítù ọpọlọ Arò l'Ábẹ́òkúta ní ẹ̀ka tó wà fún oògùn olóró nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, ẹ má gbà kẹ́nikẹ́ni so ó mọ́lẹ̀.