Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Olóko Kajú: Ìdí Ìwọ̀n Ni Ọ̀rọ̀ Wà

Bí wọ́n bá dárúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nílùú Ìlọrin, owó yíyá ló ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn: kéèyàn máa dá owó lóṣooṣù, kó sì yá ju iye tó dá lọ. Ohun tó dáa ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àfowópamọ́ nìyẹn. Ẹgbẹ́ tí àwọn olóko ń dá sílẹ̀ láti máa ta irè oko pọ̀ yàtọ̀ sí i pátápátá, fífi ọ̀kan pe èkejì ló sì ń ba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Olóko á wọlé nítorí ẹ̀yáwó. Bí kajú bá jábọ́ tán, alágbàtà ló máa tà á fún.

Ìgbà kajú kò gùn, láti nǹkan bí oṣù kejì ọdún sí ìkarùn-ún ni. Lásìkò yẹn, àwọn alágbàtà á gun ọ̀kadà wọ oko láti Àjàṣẹ́-Ìpo títí ká ilẹ̀ Ìgbómìnà, owó lápò, ìwọ̀n lọ́wọ́. Àwọn tó ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ máa ń rò pé owó gọbọi ni olóko ń wá ṣáájú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń wá ìwọ̀n tó lè fojú ara rẹ̀ kà, owó tó máa mú relé lọ́jọ́ náà nítorí owó ilé ìwé ọmọ àti owó àwọn tó bá a ro oko, àti ìwé ìṣirò tó lè ní kí akọ̀wé ṣí fóun nígbàkigbà. Bí owó ẹgbẹ́ bá tilẹ̀ ju ti alágbàtà lọ, tó wá di oṣù méjì kó tó dọ́wọ́ olóko, alágbàtà ló máa kó kajú yẹn lọ.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní ẹgbẹ́ san ₦1,000 lórí kílò kan lójú ẹsẹ̀, tó wá tà á fáwọn tó ń kó o lọ sókè òkun ní ₦1,300. Ọkọ̀, àpò, alábàárù àti sítọ̀ jẹ ₦120. Ó ku ₦180. Ẹgbẹ́ á yọ ₦30 sílẹ̀ kí owó lè wà tí wọ́n á fi ra kajú ọdún tó ń bọ̀. Ìyẹn gan-an ni àjẹṣẹ́kù. Ó ku ₦150 lórí kílò kan, ìyẹn ni owó ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó gbé 300 kílò wá á gba ₦45,000 sí i, ẹni tó gbé 80 wá á gba ₦12,000.

Ibí yìí làwọn kan ti ń bínú pé, ṣebí ẹgbẹ́ kan náà ni, kí ló dé tí a kò pín in dọ́gba? Àáró ti dáhùn ìbéèrè yẹn tipẹ́. Ẹni tó mú ọmọkùnrin méjì dání wá sóko ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló máa rí nígbà tó bá kàn án. Ẹni tó kọ ebè títí di ọ̀sán tó bá tirẹ̀ lọ, ọ̀sán ni wọ́n máa bá òun náà ṣe é dé. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ìrẹ́jẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó láti sọ oko ẹni tó kàn, ohùn ẹni tí oko rẹ̀ kéré ń ṣe déédéé pẹ̀lú ti olóko ńlá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́: owó ń tẹ̀ lé ẹrù, ìbò ń tẹ̀ lé orí. Àwọn èèyàn 28 tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1844 ṣe irú ètò yìí, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Àáró tún kọ́ni ní nǹkan mìíràn. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ ló ń họ. Koríko á hù padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, oko ẹlòmíràn ló sì bà jẹ́. Nínú sítọ̀ ẹgbẹ́, kajú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti di ọ̀kan. Ẹni tó ń rà á á mú díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn àpò, á la hóró wọn, á sì wọn èyí tó dáa nínú rẹ̀. Bí 80 kílò bá lè mú ìwọ̀n paùn 48 (bíi kílò 22) hóró tó dáa jáde, ojúlówó nìyẹn. Ẹni tó fi igi lu èyí tí kò tíì gbó, tí kò sá a tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sóòrùn, tàbí tó dì í sínú àpò ọ̀rá títí ó fi bu, owó gbogbo ẹgbẹ́ ló bù kù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n yẹ ẹrù wò kí wọ́n tó dà á pọ̀, kí iye owó ojúlówó àti ti gbàrọgùdù sì yàtọ̀. Olóko kò kọ òfin líle, bó bá ṣáà ti mú alága pẹ̀lú.

Àlébù ètò yìí wà níbi owó àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ tí kò ní owó nílẹ̀ kí kajú tó jábọ́ kò lè sanwó ojú ẹsẹ̀. Nígbà náà làwọn ọmọ ẹgbẹ́ á ta èyí tó dáa lóko, wọ́n á wá gbé ìyókù wá fún ẹgbẹ́. Ó sàn kí wọ́n ti ṣàdéhùn ṣáájú pé ìdajì péré ni olúkúlùkù máa gbé wá, kí wọ́n sì rí i gbà, ju kí wọ́n béèrè gbogbo rẹ̀ lọ.

Ní ti ìwọ̀n, kò gba owó ńlá. Láràárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú sórí rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Bó bá jẹ́ 50 kílò ni ìwọ̀n pè é, kí ẹni àkọ́kọ́ gbé kajú rẹ̀ wá.