Kí ló dé tí fọ́tò àfẹ̀mọ́júmọ́ lórí òkè kì í rí bí ojú ṣe rí i?

Èkó kò ní òkè. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Ìkẹjà, pẹrẹsẹ ni ilẹ̀, omi ló sì yí wa ká. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ya fọ́tò níbí fi ń wọ mọ́tò lọ sí Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tàbí Adó-Àwáyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí oòrùn tó ń yọ lẹ́yìn àpáta. Bí wọ́n bá padà délé tí wọ́n ṣí iṣẹ́ wọn wò, àpáta á dúdú bí èédú, ojú ọ̀run á funfun báláú. Àwọn ìbéèrè tó sábà máa ń tẹ̀ lé e nìyí.

Ìbéèrè: Ojú mi rí àpáta, ó sì rí àwọ̀ ojú ọ̀run. Kí ló dé tí kámẹ́rà kò rí méjèèjì pọ̀?

Ìdáhùn: Ojú wa kì í wo ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá wo ojú ọ̀run, ọmọlójú á sún kì. Bó bá sọ̀ sórí àpáta, á fẹ̀ sí i, ọpọlọ á wá so méjèèjì pọ̀. Kámẹ́rà kò ní irú ọgbọ́n yẹn. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló ń lò fún gbogbo fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run níbi tí oòrùn ti fẹ́ yọ lè mọ́lẹ̀ ju ẹsẹ̀ àpáta lọ lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ibi tó bá ti funfun tán kò ní àtúnṣe, nítorí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí kọ̀ǹpútà lè fà jáde. Ibi tó dúdú ṣì ní ohun tó pamọ́, pàápàá bí ẹ bá fi RAW yà á, ìyẹn fáìlì tó ń tọ́jú gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí láì fún un pọ̀. Nítorí náà, ojú ọ̀run ni kí ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ sí, kì í ṣe àpáta.

Ẹ gbé kámẹ́rà sórí trípọ́ọ̀dù, ìyẹn ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. ISO (agbára kámẹ́rà láti gba ìmọ́lẹ̀) 100, ihò lẹ́ńsì f/8 sí f/11. Ẹ ya mẹ́ta láì ṣí trípọ́ọ̀dù nípò: ọ̀kan bí kámẹ́rà ṣe wọ̀n ọ́n, ọ̀kan ní −2 (kó ṣókùnkùn sí i), ọ̀kan ní +2 (kó mọ́lẹ̀ sí i), kí ẹ tó so wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bracketing ni wọ́n kọ sí i nínú kámẹ́rà. Ẹ fi sí ìdádúró ìṣẹ́jú àáyá méjì, torí títẹ bọ́tìnnì lásán ti tó láti mì í. Ẹni tó ń lo fóònù, kó tẹ ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ lójú fóònù títí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ yóò fi dúró sójú kan, kó wá fi ìka fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

Ìbéèrè: Mo dé orí òkè gẹ́lẹ́ tí oòrùn ń yọ, àmọ́ àwọ̀ ti lọ. Kí ló gbé e lọ?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ́ ni. Àwọ̀ tó dára jù máa ń ṣáájú oòrùn. Nígbà tí oòrùn ṣì wà nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ tó pọ̀ gan-an kọjá. Afẹ́fẹ́ á fọ́n àwọ̀ búlúù ká sójú ọ̀nà, pupa àti ọsàn ló máa kù. Bó bá ti gòkè, ọ̀nà náà á kúrú, ìmọ́lẹ̀ á sì funfun.

Lọ́dọ̀ tiwa, ó tún yá ju ti ilẹ̀ òyìnbó lọ, torí oòrùn ń gòkè ní ìdúró ṣánṣán, kì í rìn ní ìdagẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ bá ti lè rí ilẹ̀ láìsí tọ́ọ̀ṣì, bí ìṣẹ́jú 22 péré ló kù kí oòrùn tó yọ. Ní Èkó, oòrùn ń yọ ní nǹkan bí aago 6:30 nínú oṣù kẹfà, àti bí aago 7:00 ní oṣù kìíní. Ìdànrè wà ní ìlà oòrùn sí wa, ó fi bí ìṣẹ́jú méje ṣáájú.

Ẹ wá kà á sẹ́yìn. Bí oòrùn yóò bá yọ ní 6:40, ó yẹ kí trípọ́ọ̀dù ti dúró ní 6:00. Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600, ẹrù sì wà lẹ́yìn yín. Ẹ fún un ní wákàtí kan ó lé. Ẹ kò lè gbéra ní Èkó lóru kí ẹ bá a. Ẹ lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ bá àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ àti ẹni tí yóò mú yín gòkè sọ̀rọ̀, torí òkùnkùn lẹ máa gbéra.

Ìbéèrè: Mo rí fọ́tò tí oòrùn yọ láàárín àpáta méjì. Mo dúró síbi kan náà, oòrùn yọ níbòmíràn.

Ìdáhùn: Oṣù yín kò bára mu ni. Láàárín oṣù kẹfà àti oṣù kejìlá, ibi tí oòrùn ti ń yọ máa ń sún tó ìwọ̀n digíríì 47. Ẹ na apá yín tán, kí ẹ di ọwọ́ ní ẹ̀ṣẹ́: ẹ̀ṣẹ́ kan jẹ́ nǹkan bíi digíríì 10. Ó tó ẹ̀ṣẹ́ márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Áàpù PhotoPills lórí fóònù lè fi ibi tí yóò ti yọ lọ́jọ́ yín hàn yín.

Ìbéèrè: Lẹ́ńsì mi ṣú. Mo nù ún, ó tún ṣú.

Ìdáhùn: Yàrá A.C. ni kámẹ́rà sùn. Bí ìgò omi tútù ṣe ń làágùn lórí tábìlì náà ni. Nígbà tí gíláàsì ṣì tutù, nínù kò lè ràn án. Ẹ má sì yọ lẹ́ńsì lásìkò náà, kí omi má bàa wọ inú rẹ̀. Kí ẹ tó jáde, ẹ fi kámẹ́rà sínú ọ̀rá tí ẹ dì lẹ́nu pinpin, kí ó wà níta bí ìṣẹ́jú 30 sí 45 kí ẹ tó tú u. Èyí tó dára jù ni kí ó má sùn nínú A.C. rárá.

Ìbéèrè: Ṣé àsìkò ọyẹ́ dára?

Ìdáhùn: Fún àwọ̀, kò dára. Eruku pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, gbogbo àwọ̀ ló ń fọ́n ká, oòrùn á dà bíi kọ́ìnì. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ kí òkè tó wà lẹ́yìn òkè máa ṣá díẹ̀díẹ̀ lọ, kò sí àsìkò tó dà bí i. Àárọ̀ lẹ́yìn òjò ló mọ́ jù.

Ìbéèrè: Kí ló máa ń ṣe èèyàn léṣe jù?

Ìdáhùn: Àpáta tí ìrì sẹ̀ sí. Ibi tí omi ti ń ṣàn, tó fa ìlà dúdú sára àpáta, ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Tọ́ọ̀ṣì orí ni kí ẹ mú kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo, kí ẹ sì gbé omi lítà méjì. Ẹ má ṣe fẹ̀yìn rìn pẹ̀lú ojú nínú kámẹ́rà láé.

Ìbéèrè: Níbo ni mo ti lè fi kọ́ra ní Èkó?

Ìdáhùn: Etí ọ̀sà ní Unilag, Akoka. Ìlà oòrùn ló kọjú sí, afárá Third Mainland á sì dúró dúdú sí ojú ọ̀run bí àpáta ṣe máa ń ṣe. Orí afárá fúnra rẹ̀ kọ́, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìdúró. Ẹ máa ya mẹ́ta-mẹ́ta níbẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ gbogbo bọ́tìnnì láì tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tó wọ mọ́tò Àkúrẹ́.