Iná Tí Kì Í Yí Àwọ̀ Padà: Bí Ọkọ̀ Ojú Omi Ṣe Ń La Àárín Àpáta Kọjá Lóru ní Etíkun Norway

Tọkọtaya tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Bergen láti fi ìsinmi wọn rìn gba etíkun Norway lọ sí Kirkenes, nítòsí ààlà Rọ́ṣíà, á sùn bí ilẹ̀ bá ṣú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í sùn ní tirẹ̀. Kí wọ́n tó jí, ó ti gba àárín àìmọye erékùṣù olókùúta kọjá, ó ti yà sí èbúté méjì tàbí mẹ́ta, ó ti já ẹrù, ó sì ti gbé òmíràn. Ìwé tí wọ́n fi ń polówó irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé oúnjẹ, yàrá ẹlẹ́ni méjì àti omi tó ń já wálẹ̀ láti orí òkè. Ìwọ̀nyẹn kò ṣòro láti lóye, a ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tó tọ́ kí èèyàn dúró wò ni bí ọkọ̀ tó gùn tó nǹkan bíi mítà 120 ṣe ń la ọ̀nà tóóró já nínú òkùnkùn biribiri láìforí sọ àpáta.

Ìdí tí ọkọ̀ náà kò fi lè dúró de ojúmọ́ ni pé kì í ṣe ọkọ̀ afẹ́ lásán. Ìjọba Norway ń sanwó fún ilé iṣẹ́ méjì, Hurtigruten àti Havila, kí ọkọ̀ wọn lè máa yà sí èbúté 34 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀, yálà èrò pọ̀ tàbí wọn kò pọ̀. Ní àwọn èbúté kékeré, ọkọ̀ lè má lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ: wọ́n á so okùn mọ́ òpó, ilẹ̀kùn ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ á ṣí, ọkọ̀ agbẹ́rù kékeré tó ní irin gígùn méjì níwájú á sáré kó àpótí ẹja wọlé, á gbé táyà àti fìríìjì ẹnì kan jáde, wọ́n á sì tú okùn. (Ní Stamsund àti Svolvær, ní erékùṣù Lofoten, ẹni tó bá kọjá láàrin oṣù kejì sí oṣù karùn-ún á rí ẹja tí wọ́n sá sórí igi nínú afẹ́fẹ́ tútù, pańla tó ń dé ọjà Nàìjíríà nìyẹn.) Ọgbọ́n kan sì wà nínú àkókò ìrìn wọn tó yẹ fún ìyìn, nítorí pé èbúté tí wọ́n bá kọjá lóru nígbà tí wọ́n ń lọ sí àríwá, ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀. Tọkọtaya tó san owó àlọ àti àbọ̀, tí í ṣe ọjọ́ 12, kò pàdánù ohun púpọ̀. Àwọn tó san owó àlọ nìkan ni ọ̀pọ̀ etíkun náà á kọjá mọ́ lójú oorun.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ibi tí ọ̀nà bá ti há jù ni ewu ti pọ̀ jù. Ẹni tó mọ etíkun Èkó, níbi tí iyanrìn ti ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ omi, tó wá rí ọkọ̀ ńlá tó sún mọ́ ògiri òkè ní Geirangerfjord, apá òkun tóóró kan tó wọ àárín òkè ní Norway, á rò pé abẹ́ ọkọ̀ náà kò ní pẹ́ kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n yìnyín tó nípọn gan-an ló gbẹ́ àwọn apá òkun wọ̀nyí, nígbà tó ń wọ́ lọ lórí àpáta fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, bí ògiri òkè náà sì ṣe dá gbèé lókè ló ṣe dá gbèé lábẹ́ omi. Níbi tí Sognefjord, òmíràn nínú wọn, ti jìn jù, ó tó mítà 1,308, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tí à ń sọ yìí kò rì sínú omi ju nǹkan bíi mítà márùn-ún lọ. Òkúta tó yẹ ní bíbẹ̀rù wà lóde, láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún erékùṣù kéékèèké tó to lọ lẹ́bàá etíkun, níbi tí orí àpáta lè wà ní mítà kan péré sábẹ́ omi tí ojú kò sì ní rí i. Àwọn erékùṣù náà sì ni ọkọ̀ fẹ́ràn láti gba ẹ̀yìn wọn, torí pé àwọn ló ń fi ara gba ìgbì òkun ńlá kí ó má bàa dé ọ̀dọ̀ èrò. Ohun tó ń dáàbò bo ọkọ̀ gan-an ló lè dá a lára, ìdí nìyẹn tí mímọ ọ̀nà fi ṣe pàtàkì ju bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó lọ.

Kí ó tó di ọdún 1893, èrò àwọn awakọ̀ òkun ni pé kò ṣeé ṣe láti fi òru ìgbà òtútù rin àríwá Norway. Lẹ́tà láti Trondheim, ní àárín Norway, sí Hammerfest, ní àríwá pátápátá, lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà ooru, ó sì lè tó oṣù márùn-ún nígbà òtútù. Nígbà tí ìjọba ń wá ilé iṣẹ́ tó lè máa gbé lẹ́tà lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tó lórúkọ nínú iṣẹ́ náà kọ̀ ọ́. Richard With, ọ̀gá ọkọ̀ tó ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní erékùṣù Vesterålen ní àríwá, ló gbà á, ọkọ̀ rẹ̀ Vesteraalen sì gbéra ní Trondheim ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1893. Máàpù òkun méjì péré ló wà fún ìlò nígbà náà, ilé iná, ìyẹn ilé tó ń tan iná sórí òkun láti tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, tó wà láti Trondheim sókè kò sì ju 28 lọ.

With kò gbé e lé oríire. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni òun àti Anders Holte, atọ́nà ọkọ̀ rẹ̀, ti ń kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ lórí gbogbo ọ̀nà tí wọ́n bá gbà: ìhà tí kọ́ńpáàsì tọ́ka sí, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, àti iye ìṣẹ́jú tí wọ́n lò kí wọ́n tó yí. Ẹni tó bá ní ohun mẹ́ta yìí lọ́wọ́ lè rìn láìfojú rí nǹkan kan. Bí ọkọ̀ bá ń lọ kílómítà 18 ní wákàtí kan, tí ó sì kù kílómítà 6 kí ó tó dé ibi tí ó ti máa yí, ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ á ka ìṣẹ́jú 20 lórí aago, á sì yí ọkọ̀ sí ìhà tó kàn nínú ìwé, bí òkùnkùn náà bá tilẹ̀ dúdú bí kóró iṣin. Iṣẹ́ sùúrù ni, ó sì ní àléébù kan tí kò ṣeé sá fún: omi tó ń ṣàn láàrin erékùṣù lè ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjẹ́ kí kọ́ńpáàsì mọ̀, afẹ́fẹ́ náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kékeré tó wọlé ní ìpele kìíní á sì bá ọkọ̀ dé ìpele kejì, kò sì ní yéé ga sí i. Ó di dandan kí ohun kan wà lójú ọ̀nà tó lè sọ ibi tí ọkọ̀ wà gan-an, kí ìṣírò lè tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Iná etíkun ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ibí ni èdè àìyedè tó ń bí ni nínú jù lọ wà. Èrò tó bá dúró síta lóru á rí iná kan níwájú tó funfun, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á rí i pé ó ti pupa, bí ọkọ̀ bá sì ti kọjá, ó lè rí i ní àwọ̀ ewé. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ara wọn ni pé iná náà ń yí àwọ̀ padà, bíi iná tó ń darí ọkọ̀ ní oríta, pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń yí i láti dá ọkọ̀ dúró tàbí láti ní kí ó máa bọ̀. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Ká sọ pé fìtílà kan wà láàrin yàrá, tí yàrá náà sì ní fèrèsé mẹ́ta, ọ̀kan gíláàsì funfun, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá ń rìn yí ilé náà ká nínú òkùnkùn á rí ìmọ́lẹ̀ pupa, á rí funfun, á rí ti ewé, síbẹ̀ kò sí ẹni tó fọwọ́ kan fìtílà. Ìrìn ẹni tó wà níta ló yí ohun tó ń rí padà. Wàyí o, ká sọ pé kànga méjì tí kò ní ìdérí wà nínú ọgbà náà, tí onílé sì mọ ibi tí wọ́n wà, tó wá gé fèrèsé rẹ̀ lọ́nà tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń rí pupa ti ń sún mọ́ kànga kan, ẹni tó bá ń rí àwọ̀ ewé ti ń sún mọ́ èkejì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rí funfun wà lójú ọ̀nà tó mọ́. Àlejò tí kò dé ilé náà rí á lè wọlé lóru láìsí amọ̀nà. Onílé lè ti sùn.

Bí àwọn iná náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Orí máàpù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á wo ibi tí àpáta wà lábẹ́ omi, wọ́n á fa ìlà láti ẹsẹ̀ iná náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, wọ́n á sì fi gíláàsì aláwọ̀ dí gbogbo apá tó bá ní ewu, kí funfun lè ṣẹ́kù fún ojú ọ̀nà nìkan. Kí ọ̀kan má bàa dà bí èkejì, iná kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń ṣẹ́jú tirẹ̀. Òmíràn á tàn lẹ́ẹ̀kan láàrin ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, òmíràn á tàn lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra kí ó tó sinmi. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ á kà á, á wò ó nínú ìwé, á sì mọ orúkọ iná náà. Ààlà àárín àwọ̀ méjì kò gé tán bí ọ̀bẹ: funfun á kọ́kọ́ rẹ̀ dòdò, á ní pupa díẹ̀ nínú, kí ó tó di pupa pátápátá, ìyípadà kékeré yẹn sì ti tó fún awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ láti rọra darí ọkọ̀ padà.

Ibi tó dùn jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni bí iná kan ṣe ń fa ọkọ̀ lé òmíràn lọ́wọ́. Ọkọ̀ ń lọ nínú funfun iná àkọ́kọ́, èyí tó wà níwájú; lápá ọ̀tún, iná kejì wà tó ṣì ń fi àwọ̀ ewé hàn. Awakọ̀ kò ní yí. Á máa lọ tààrà títí iná kejì yóò fi di funfun, ìgbà náà gan-an ni á yí ọkọ̀, á wọnú funfun tuntun náà, iná àkọ́kọ́ á sì bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì parí iṣẹ́, nítorí pé awakọ̀ á máa bojú wẹ̀yìn wò ó. Bí ó bá ṣì rí àwọ̀ tó yẹ níbẹ̀, omi kò tíì gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìyẹn. Báyìí ni òru kan ṣe ń di ọ̀wọ́ ìpinnu kéékèèké, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ní àmì tirẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àwọn kan á béèrè ìwúlò èyí nígbà tí GPS, tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí ọkọ̀ wà, àti rédà, tó ń rí nǹkan nínú òkùnkùn, wà nínú ọkọ̀, tí máàpù sì ti di ojú kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni pé ohun èlò wọ̀nyí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò lónìí, òótọ́ sì ni pé kò sí ẹni tó ń gbé inú àwọn ilé iná náà láti tọ́jú wọn mọ́. Òfin pẹ̀lú kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ: ọkọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ gba atọ́nà ọkọ̀ tó mọ àgbègbè náà, àyàfi tí ẹni tó ń darí rẹ̀ bá ti gba ìwé ẹ̀rí fún ojú ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n ní Finnmark, lápá ibi tí ìrìn àjò yìí ti ń parí, àwọn awakọ̀ òfúrufú ti ń ròyìn láti ọdún 2017 pé ìsọfúnni láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì a máa dàrú. Iná orí àpáta kò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọkọ̀ ju ojú tó lajú sílẹ̀ lọ, apẹja inú ọkọ̀ kékeré sì ní ìpín kan náà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èrò. Ètò tó bá lè sin olówó àti tálákà lọ́gbọọgba báyìí ṣọ̀wọ́n, kò sì yẹ kí wọ́n pa á tì nítorí pé ó ti pẹ́.

Kì í ṣe pé kò ní àìlera. Yìnyín tó ń já bọ́ àti kùrukùru lè bò ó pátápátá, ìgbà náà sì ni rédà ń di olórí. Èyí tó burú jù ni pé iná mìíràn ti pọ̀ sí i ní etíkun ju ti ìgbà With lọ. Ní ìdájí ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2018, ní Hjeltefjorden, lápá àríwá Bergen, ọkọ̀ ogun Norway tó ń jẹ́ Helge Ingstad kọlu Sola TS, ọkọ̀ agbépo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní èbúté Sture. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ ogun náà rí iná ọkọ̀ agbépo, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé ohun tó dúró sójú kan lẹ́bàá èbúté ni, torí iná ńlá tó tàn yòò lórí rẹ̀ bo àwọn iná kéékèèké tó ń fi hàn pé ọkọ̀ ń rìn. Èèyàn 137 ló wà nínú ọkọ̀ ogun náà. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà rì. Iná àpáta lè sọ ibi tí òkúta wà, kò lè sọ ibi tí ọkọ̀ ẹlòmíràn wà.

Tọkọtaya tó bá fẹ́ fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ lọ ní oṣù kẹfà, nítorí pé oòrùn kì í wọ̀ ní àríwá nígbà náà, kò sì sí ẹni tó nílò iná. Láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹta ló dára. Ní Tromsø, oòrùn kì í yọ rárá láti ìparí oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kìíní. Kò pọn dandan kí wọ́n san owó lé owó nítorí yàrá tó ní fèrèsé, torí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni fèrèsé yàrá lè fi hàn, bẹ́ẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn ni iná tó ṣe pàtàkì máa ń wà. Kí wọ́n wọ aṣọ tó nípọn, kí wọ́n lọ sí ìta lókè ọkọ̀ níbi tí iná ọkọ̀ kò ti ní ta wọ́n lójú, kí wọ́n sì fún ojú wọn ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ó lè mọ́ òkùnkùn lára. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan mú iná iwájú, kí ẹnì kejì mú ti ẹ̀yìn. Bí ti iwájú bá di funfun, wọ́n á gbọ́ ọ lára pé ọkọ̀ ń yí.